Ta ló san owó ẹbọ náà?

Ìbàdàn ni lẹ́tà tí mo ń dá lóhùn lónìí ti wá. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ló kọ ọ́, ẹni ọdún 41, ó ń ta aṣọ ní Gbági. "Òṣìṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà" ló fi parí ìwé rẹ̀. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo wà nínú kọ́áyà, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ ìsinmi, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin, mo sì wà lára àwọn tó ń tún ilé Ọlọ́run ṣe ní Sátidé. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni mo ń wà níbẹ̀, àìsùn Jímọ̀ wà lára rẹ̀. Nínú oṣù kẹta, a lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kejì ni àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, rí nǹkan oṣù rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá kan tí a jọ ń gbé ilé ló fún un ní páàdì, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìyá yẹn náà ló ń bá a dirun báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo dé ni mo tó mọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, 'Mọ́mì, ẹ ò sí nílé.' Kò bínú. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń ká aṣọ lọ. Lóṣù tó kọjá, mo mú ₦60,000 tó yẹ kí n fi san owó ilé-ìwé rẹ̀, mo fi san ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ fún kíkọ́ ilé ìjọsìn. Wọ́n lé e wálé. Ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́, kì í ṣe òun. Mo sọ fún aṣáájú wa pé mo fẹ́ sinmi díẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fi ọwọ́ lé ohun èlò ìtúlẹ̀, tó wá wẹ̀yìn wò, kò yẹ fún ìjọba Ọlọ́run. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé mo ti ń padà sẹ́yìn ni? Ṣé kí n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀?"

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé rẹ, ibi tí ọmọ ti ń ká aṣọ lọ ni ọ̀rọ̀ sì ti ń gbé mi lọ́fun. Ọmọ tó bá bú sẹ́kún ṣì ń retí nǹkan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Èyí tó ń ká aṣọ lọ ti ń kọ́ bí òun yóò ṣe máa ṣe é láìsí ọ. Kò tíì bọ́ sórí, ọdún 13 ṣì kéré. Ṣùgbọ́n má fi dọ́la dọ́la ṣe é.

O ò padà sẹ́yìn. Fi ẹ̀rù yẹn sílẹ̀ ná.

Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé ìwà òpè ni gbogbo iṣẹ́ tí o ń ṣe yẹn. N kò ní bá wọn sọ ọ́. Ìjọ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi nǹkan du ara rẹ̀ nítorí rẹ̀ kò lè dúró. Ìlú tí o wà yìí gan-an jẹ́rìí sí i. Ní 1853 ni David Hinderer, òyìnbó míṣọ́nnárì, àti Anna, ìyàwó rẹ̀, wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó àti ẹrù kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọmọ ọlọ́mọ sì kún ilé wọn. Ẹrù ilé wọn ni wọ́n ń tà kí àwọn ọmọ náà lè rí nǹkan jẹ. Wo ẹni tó ń pàdánù níbẹ̀, kí o wo ẹni tó ń jẹun. Àgbàlagbà ló ń pàdánù, ọmọ ló ń jẹun. Ní ilé tìrẹ, ọmọ ni wọ́n lé wálé.

Lọ ka 2 Sámúẹ́lì orí 24. Dáfídì fẹ́ tẹ́ pẹpẹ ní ilẹ̀ ìpakà Áráúnà. Áráúnà ní kí ọba máa mú màlúù òun lọ́fẹ̀ẹ́, kó fi igi àjàgà dáná. Dáfídì kọ̀, ó ní òun kò ní fi ohun tí òun kò náwó sí rúbọ sí Olúwa Ọlọ́run òun. Àádọ́ta ṣékélì fàdákà ló kà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kà fún wa tí wọ́n bá fẹ́ kí á mú owó ńlá wá. Ṣùgbọ́n tún un wò: màlúù ẹlòmíì ni Dáfídì kọ̀ láti fi rúbọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú un. ₦60,000 yẹn, màlúù ọmọ rẹ ni. Ọmọ náà kò sì bẹ̀ ọ́ pé kí o mú un. Òru Jímọ̀ náà, tìrẹ nìkan kọ́. Ó ní tirẹ̀ níbẹ̀.

Ẹsẹ tí aṣáájú yín kà sí ọ létí, òtítọ́ ni. Ẹni tó sọ ọ́ náà ni wọ́n kàn mọ́ igi ní Gọ́lígọ́tà. Lórí igi níbẹ̀, nígbà tí ẹbọ tó ju gbogbo ẹbọ lọ ń lọ lọ́wọ́, ó bojú wolẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì fà á lé ọmọ ẹ̀yìn tó fẹ́ràn lọ́wọ́ kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Ó wà nínú Jòhánù 19. Ta ló jẹ́ pe ìyẹn ní wíwẹ̀yìn wò?

Ibì kan tún wà tí a máa ń fò. Gbogbo wa la mọ̀ pé Jẹ́tírò, àna Mósè, sọ fún un nínú Ẹ́kísódù 18 pé ohun tó ń ṣe kò dára, nígbà tó rí i tó jókòó ń ṣe ìdájọ́ fún àwọn ènìyàn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣé o rántí ohun tó gbé Jẹ́tírò débẹ̀? Ó ń mú Sípórà, ìyàwó Mósè, àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì bọ̀ wá bá a ni. Mósè ti rán wọn padà sílé bàbá ìyàwó. Ọkùnrin tí Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀, àna rẹ̀ ló ń kó ìyàwó àti ọmọ tọ̀ ọ́ wá ní aginjù. Mósè kò bínú sí i. Ó yan àwọn mìíràn, ó pín iṣẹ́ fún wọn.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ní 1994, èmi ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ wa. Ìyá mi ránṣẹ́ láti abúlé pé kí n wá ṣe Àjíǹde lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní kò sí ẹni tí yóò se oúnjẹ àlejò wa. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n kú. Nígbà tí mo wọ ilé ìdáná wọn, mo bá ẹja yíyan méjì tí wọ́n fi bébà dì, tí wọ́n so kọ́ òkè àdògán. Àbúrò mi ní wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé tèmi ni. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni mo ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́fà ló wà nínú ẹgbẹ́ yẹn tó lè se ìrẹsì.

Má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ibi tí mo gé kúrò nínú ìwé rẹ, o kọ ojú ewé kan gbáko nípa àwọn ọmọdé tí ò ń kọ́, àti ọmọkùnrin kan tí kì í la ẹnu títí o fi gbé ìlù lé e lọ́wọ́. O ò kọ ju ìlà kan lọ nípa iṣẹ́ akọ̀wé. Mú ti àwọn ọmọdé dání. Yọwọ́ nínú iṣẹ́ akọ̀wé àti títún ilé ṣe, kí o sì gba ààyè nínú kọ́áyà di ìparí ọdún. Àìsùn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó.

Aṣáájú yín ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, kó má dà bíi pé o lọ fẹjọ́ sùn. Kúnlẹ̀, kí o ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọmọ mi ń fẹ́ mi nílé. Ní ìparí oṣù yìí, màá fa ìwé ẹgbẹ́ lé ẹni tí ẹ bá yàn lọ́wọ́." Má bá wọn jiyàn lórí ẹsẹ Bíbélì. Ka owó ẹgbẹ́ níṣojú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, lọ rí pásítọ̀. Bí ẹ̀jẹ́ rẹ bá ṣẹ́ kù, sọ pé wàá máa san án díẹ̀díẹ̀ lára èrè ọjà, tí owó ilé-ìwé bá ti kúrò nílẹ̀. Èyí tó ti lọ, má béèrè rẹ̀ padà.

Ti ọkọ rẹ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó wà nílé lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, kò sì mọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀. Ẹ jọ jẹ gbèsè náà ni, ẹ jọ sọ ọ́ ní yàrá, kí ọmọ má gbọ́.

Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó fún un ní páàdì. Mú nǹkan dání, má jowú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, gbé àpótí síta, kí ọmọ jókòó sórí ẹní láàárín orúnkún rẹ, kí o di ṣùkú fún un. Fóònù rẹ, fi sínú yàrá. Sọ fún un lẹ́ẹ̀kan péré: "Ó yẹ kí n wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Má bínú." Má fi ẹsẹ Bíbélì kún un. Kí o wá máa dirun lọ. Bí kò bá sọ nǹkan kan títí irun fi parí, má yọ ọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ óò tún tú u.