Ilé ìtura lójú òfurufú: kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín tó dá owó sí i

ÌBÉÈRÈ: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òṣogbo. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan mú ìwé ìpolówó wá sí ìpàdé, àwòrán kẹ̀kẹ́ ńlá kan tó ń yí lójú òfurufú wà lórí rẹ̀. Ó ní ilé ìtura kan máa ṣí lójú òfurufú ní 2027, àti pé ẹni tó bá ra ìpín níbẹ̀ báyìí, owó rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní ṣebí Owolabi Salis, ọmọ Ìkòròdú, ti lọ, ó sì ti padà wálé láyọ̀. Ó ní bí èèyàn bá ti lè dé ibẹ̀, kí ló kù ju kí wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀? Ẹnu wa kò kò. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ṣé ká dá owó sí i?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ má dá kọ́bọ̀ sí i. Bí ẹ bá ń kánjú, ìdáhùn mi nìyẹn.

Láti ìgbà tí Salis ti lọ ni ìbéèrè yìí ti ń wọlé tọ̀ mí wá lóríṣiríṣi, gbólóhùn tí ọmọ ẹgbẹ́ yín sọ sì ni gbogbo wọn máa ń gbé wá: "bí èèyàn bá ti lè dé ibẹ̀." Ibo ni "ibẹ̀"? Ibi tí Salis dé kọ́ ni ibi tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé sí. Mi ò bu iṣẹ́ rẹ̀ kù o. Ọmọ wa ni, orí wa sì wú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ọkọ̀ New Shepard ti ilé iṣẹ́ Blue Origin gbé òun àti àwọn márùn-ún mìíràn láti ìwọ̀-oòrùn Texas. Ó gòkè kọjá 100 kìlómítà díẹ̀, wọ́n léfòó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n sì bà sínú aṣálẹ̀ tí wọ́n ti gbéra. Àtìgbéra àtìbalẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọn kò yí ayé po. Ká tiẹ̀ ní wọ́n fẹ́ sùn síbẹ̀ mọ́jú, ọkọ̀ yẹn kò lè dúró.

Ìdí tí kò fi lè dúró ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, orí àìmọ̀ yẹn sì ni àwọn tó ń ta ìpín ti ń jẹun. A máa ń rò pé bí èèyàn bá ti gòkè tó, agbára òòfà ilẹ̀, ìyẹn agbára tí ayé fi ń fa ohun gbogbo mọ́ra, á tán, ohun tó bá sì dé ibẹ̀ á kàn rọ̀ sójú kan láìní já bọ́. Irọ́ ni. Ibùdó òfurufú àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISS wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè. Agbára òòfà níbẹ̀ ṣì tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá èyí tó wà ní Òṣogbo. Bí ẹ bá rí òpó tó ga tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì gùn ún dé orí, ẹsẹ̀ yín ni ẹ máa fi dúró bí ẹ ṣe ń dúró nílé. Òṣùwọ̀n á kàn sọ pé ẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ yọ ẹsẹ̀ níbẹ̀, ẹ máa já bọ́.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí ISS kò fi já bọ́. Ó ń já bọ́! Láti 1998 tí wọ́n ti gbé ẹyọ àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ ló ti ń já bọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń já bọ́ náà ló ń sáré lọ síwájú ní nǹkan bí 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, débi pé bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ilẹ̀ ayé tó rí roboto náà ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Eré yẹn ló gbé e ró, kì í ṣe gíga. Ká ní a lè fi irú eré bẹ́ẹ̀ rin Èkó sí Ìbàdàn, kò ní gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń léfòó nítorí pé àwọn àti ilé jọ ń já bọ́ pọ̀ ni, ilẹ̀ ilé kò wá rí ẹsẹ̀ wọn gbé.

Ẹ wá fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Salis. Eré tí New Shepard ń sá kò ju nǹkan bí 3,600 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe pé ẹ máa kàn fi epo kún un ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń béèrè á di ìlọ́po mẹ́rin; bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, á di mẹ́sàn-án. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ dé mẹ́jọ. Ó lé ní ọgọ́ta. Gbogbo agbára yẹn náà lẹ gbọ́dọ̀ pa dànù nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé, ooru ló sì máa ń dà, lára ọkọ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 tó ń gbé èèyàn lọ sí ISS fi ga ju 60 mítà lọ, tí New Shepard kò sì tó 20 mítà.

Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Èèyàn ti san owó ara rẹ̀ sùn lókè rí. Dennis Tito, ará Amẹ́ríkà, san nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn ará Rọ́ṣíà ní 2001, ó sì lo bí ọ̀sẹ̀ kan ní ISS. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, tẹ̀ lé e ní 2002. Ní 2022, ilé iṣẹ́ Axiom kó àwọn mẹ́ta tó sanwó lọ, iye tí a sì gbọ́ ni 55 mílíọ̀nù dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìjọba ni gbogbo wọn sùn sí. NASA, àjọ òfurufú ìjọba Amẹ́ríkà, nìkan ń ná nǹkan bí bílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta lọ́dún lórí ISS àti ìrìn àjò ibẹ̀, èèyàn méje ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ pín in sí oru kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, á lé ní mílíọ̀nù dọ́là kan. Ní 2019, NASA kéde pé 35,000 dọ́là lálẹ́ kan ni àlejò máa san fún oúnjẹ, afẹ́fẹ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, láìka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó di 2021, wọ́n fi owó kún un gan-an. Onílé ìtura aládàáni kò ní ìjọba tó máa bá a gbé ìyókù.

Iṣẹ́ inú ilé náà tún wà níbẹ̀. Ilé ìtura ni ibi tí àlejò kò ti mọ ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe. Lókè, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn rò pé òtútù ni wàhálà ibẹ̀, ooru ni. Ẹ ti bu tíì gbígbóná sínú fíláàsì rí. Ó ń gbóná títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò láàárín ògiri rẹ̀ méjèèjì, ooru kò rọ́nà sá lọ. Inú irú fíláàsì bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń gbé lójú òfurufú. Ara èèyàn ń gbóná, kọ̀ǹpútà ń gbóná, oòrùn ń pa á níta, kò sì sí atẹ́gùn tó máa fẹ́ sí i. Ohun tí ISS ń ṣe ni pé ó ń fi pọ́ǹpù ti amóníà, ohun olómi tó ń gbé ooru, gba inú páìpù kiri lọ sínú àwọn rédíétọ̀ gbàgàdà-gbàgàdà tó wà níta, kí ooru lè tàn jáde díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, fáàfù kan lára ọ̀kan nínú àwọn pọ́ǹpù yẹn kọṣẹ́. Wọ́n ní láti pa àwọn ẹ̀rọ kan nínú ilé. Rick Mastracchio àti Mike Hopkins wọ aṣọ òfurufú, wọ́n jáde lọ́jọ́ 21 láti tú pọ́ǹpù náà, wọ́n tún jáde lọ́jọ́ 24, tó jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, láti fi tuntun síbẹ̀. Kí ìdààmú tó dé ni pọ́ǹpù tuntun náà ti wà níta, ẹnì kan ti ronú gbé e síbẹ̀. Àwọn méjèèjì sì ti fi ọdún kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ omi. Nínú ilé ìtura yín, ta ló máa jáde? Ṣé ẹni tó wá lo ìsinmi ìgbéyàwó?

Èmi tí mò ń bá sátẹ́láìtì ṣiṣẹ́ mọ bí ó ṣe ń rí tí kò bá sí ẹni tó lè jáde. Gbogbo wa ló rántí NigComSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà: wọ́n gbé e lọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, sólà rẹ̀ ní ìṣòro, iná tán lára rẹ̀, ó sì kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ní ó máa lò. Ẹ dúpẹ́ pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀.

Mi ò tíì sọ ti omi o. Ìtọ̀ àti òógùn ni wọ́n ń sẹ́ padà di omi mímu, ó sì dára gan-an, wọ́n ti ń rí nǹkan bí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún gbà padà. Inú omi yẹn kan náà ni iná mànàmáná ti ń yọ ọ́síjìn tí wọ́n ń mí. Ju ìdajì àwọn tó ń gòkè lọ ni inú máa ń rú láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn míì á sì bì. Ẹ rò ó wò: 55 mílíọ̀nù dọ́là, kí ọjọ́ méjì lọ sórí èébì.

Ẹ ó ní bóyá ọ̀gá onílé ìtura gidi ni kò tíì dá sí i. Ó ti dá sí i. Robert Bigelow, tó ní Budget Suites of America, tó sì là nídìí yíyá ilé fún àlejò, dá Bigelow Aerospace sílẹ̀ ní 1999. Kì í ṣe gbájúẹ̀ rárá, mo bọ̀wọ̀ fún un. Owó ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ná. Ó gba ìmọ̀ kan lọ́wọ́ NASA, ilé tí wọ́n ká kí wọ́n tó gbé e lọ, tí wọ́n á wá fi afẹ́fẹ́ kún nígbà tó bá dé òkè. Ó gbé méjì lọ láìsí èèyàn nínú wọn, ní 2006 àti 2007, àwọn méjèèjì sì ṣiṣẹ́. Ní 2016, wọ́n so ẹ̀kẹta, BEAM, mọ́ ISS. Àwọn ará ISS ń kó ẹrù pamọ́ sínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ilé iṣẹ́ náà dá gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yàrá àlejò ju gbogbo wa lọ, tó ní owó, tó ní ohun tó ń ṣiṣẹ́ lókè, yàrá ìkẹ́rù kan ló rí gbé síbẹ̀.

Àwọn tó kù kò dé ibi tó dé. Galactic Suite ti Barcelona ní àwọn máa ṣí ní 2012, mílíọ̀nù yúrò mẹ́ta fún oru mẹ́ta. Orion Span kéde ní 2018 pé àwọn máa gba àlejò ní 2022, 9.5 mílíọ̀nù dọ́là fún ọjọ́ méjìlá, wọ́n sì ń gba àsansílẹ̀ 80,000 dọ́là. Ó kógbá sílé ní 2021 láìgbé nǹkankan lọ sókè.

Àwòrán kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí, tó wà lórí ìwé ìpolówó yín, jọ ètò Voyager Station tí wọ́n ti ń kéde 2027 fún. Mi ò sọ pé àwọn tó ń ta ìpín fún yín ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àwọn tó ya àwòrán náà. Ẹnikẹ́ni ló lè gé àwòrán látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣirò rẹ̀ kò burú: kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ ní 200 mítà, tó bá ń yí díẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ìṣẹ́jú kan, á fún èèyàn ní irú ìwúwo tó máa ní lórí òṣùpá. Ṣùgbọ́n ISS kò ju nǹkan bí 109 mítà lọ níbi tó gùn jù, ó sì gbà ju 40 ìrìn àjò lọ kí wọ́n tó kọ́ ọ tán. Ohun tí ẹ̀dá ti dánwò tó sún mọ́ yíyí yìí jù ni ti Gemini 11, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, ní 1966, tí wọ́n fi okùn so ọkọ̀ méjì pọ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa yí. Ìwúwo tó mú wá kéré débi pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lára. Ẹyọ irin kan lára kẹ̀kẹ́ 2027 yẹn kò tíì sí lókè.

Ohun tó ń bọ̀ lóòótọ́ ni àwọn ibùdó kéékèèké aládàáni, torí pé wọ́n fẹ́ sọ ISS kalẹ̀ lẹ́yìn 2030. Axiom wà níbẹ̀, Starlab náà, tí Hilton, ilé iṣẹ́ onílé ìtura, ń bá ya bí yàrá rẹ̀ ṣe máa rí. Haven-1 ti ilé iṣẹ́ Vast jẹ́ fún èèyàn mẹ́rin péré. Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, ó sì ti sún síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lójú tèmi, díẹ̀ nínú wọn máa dé òkè. Ìjọba orílẹ̀-èdè tó fẹ́ rán onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ ni oníbàárà tí wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ lọ sinmi.

Ẹnjiníà ni mí o, n kì í ṣe lọ́yà, n kì í sì í ṣe agbaninímọ̀ràn owó. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi bí ìdájọ́ lórí ilé iṣẹ́ kankan. Kí ẹ tó gbé owó ẹgbẹ́ síta, ẹ wò ó bóyá orúkọ àwọn tó ń ta ìpín náà wà lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò. Ẹ tún wo ìwé òfin ẹgbẹ́ yín bóyá ó gbà yín láyè rárá. Bí ọmọ ẹgbẹ́ yín bá ṣì ta kú, kí ó pe ọkùnrin tó fún un ní ìwé náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì bi í ní nǹkan mẹ́ta lójú gbogbo èèyàn: rọ́kẹ́ẹ̀tì wo ló máa gbé e lọ, ta ló ń ṣe ẹ̀rọ tó máa fọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ọkọ̀ wo ló sì máa gbé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá wálé. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìlọ́po mẹ́wàá dípò kó dáhùn, ẹ sọ fún un pé ìpàdé ti parí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti san owó fọ́ọ̀mù, kí ó béèrè rẹ̀ níbẹ̀ kí ọkùnrin náà tó jáde, kí ó sì tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.