Omi ni kẹ́ ẹ fi so méjèèjì pọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín ṣe olùkọ́ kíláàsì kẹrin ní Sacramento, pé ìtàn góòlù California àti ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ já lù yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá ń bèèrè èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mú. Ẹ má mú ìkankan ṣáájú. Èmi ti yà wọ́n sọ́tọ̀ rí, ojú mi rí màbo.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo dúró nídìí bọ́ọ̀dù, mo ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní 1848 ni James Marshall rí góòlù níbi ìlagi Sutter ní Coloma. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń yán. Ọmọkùnrin kan wá ní, "Ṣé wọn ò kàn lè ṣà á nílẹ̀ ni?" Mi ò rí èsì gidi fún un. Èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà o, tí wọ́n ń wa góòlù lọ́dọ̀ wa ní Ìtagunmódi!

Lọ́dún kejì, mo da yanrìn sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀, mo da bọ́ọ̀lù irin wínníwínní inú kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, mo ní kí wọ́n ṣà á jáde. Wọ́n tú u títí, yanrìn kún èékánná wọn. Ìgbà tí mo wá bomi sí i, tí wọ́n ń mi abọ́, tí wọ́n ń da omi nù díẹ̀díẹ̀, yanrìn bá omi lọ, irin jókòó sísàlẹ̀. Irin lásán nìyẹn o. Góòlù wúwo tó ìlọ́po 19 omi. Ọmọkùnrin àná ọjọ́sí ti lọ kíláàsì karùn-ún, àmọ́ mo pè é wá wò ó.

Ibẹ̀ ni ojú ọjọ́ ti wọlé. Òjò California kì í fẹ́ẹ̀ rọ̀ nígbà ooru. Ìgbà òtútù ló ń rọ̀, òdìkejì tiwa nílé pátápátá. Àwọn tó ń wa góòlù níbi tí omi ò sí a kó iyẹ̀pẹ̀ jọ gègèrè nígbà ooru, wọ́n á máa wo ọ̀run. Nígbà mìíràn òjò ọ̀hún á wá pọ̀ jù: ní oṣù kìíní 1862, omi gba Sacramento débi pé ọkọ̀ ojú omi ni Leland Stanford wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti búra fún un gẹ́gẹ́ bíi gómìnà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé àwọn títì àárín ìlú sókè. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Old Sacramento, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ẹ má sì fi àwọn Nisenan, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, pamọ́. Ilẹ̀ wọn ni Coloma kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Marshall. Ẹ sọ ti owó orí 1850 pẹ̀lú, dọ́là 20 lóṣù lórí àjèjì tó bá ń wa góòlù. Àwọn ọmọ tètè ń mọ ìrẹ́jẹ.

Ní ti ife tí a fi ń wọn òjò, mo kọ́kọ́ kàn án mọ́ ògiri lábẹ́ etí òrùlé. Òjò rọ̀ mọ́jú, ife ilé ọmọ kan gba tó ìlọ́po méjì tiwa. Àárín pápá ni kẹ́ ẹ rì í sí, kó jìnnà sí igi àti ilé, kẹ́ ẹ sì máa kà á ní wákàtí kan náà láràárọ̀. Ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀, kí wọ́n kọ 0. Èyí ló dùn mí jù: oṣù kẹsàn-án odindi ni wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo, nígbà tó yá a ò mọ ọjọ́ tí òjò ò rọ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lọ wò ó. Omi tẹ́ ẹ bá bá nínú ife láàárọ̀ Mọ́ńdè, ti ọjọ́ mẹ́ta ni, ẹ má kọ ọ́ sórí Mọ́ńdè nìkan.

Ẹ nu bọ́ọ̀lù irin yẹn gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kó o pamọ́ o. Tèmi ti dípẹtà kí ọdún tó yí po.