Ọjọ́ orí tó fi kó o ni kó o kọ́kọ́ bèèrè

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní ò ń fi ìṣirò wo bí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò ń fà) ṣe ń kúrò lára èèyàn, pé iye kan ṣoṣo lo fi dúró fún tọmọdé tàgbà, torí pé nínú àkójọ ọwọ́ rẹ, àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ní i kò pọ̀ tó àwọn tó kéré sí wọn. Jọ̀ọ́, dáwọ́ dúró ná. Ibi témi náà ti ṣìnà gan-an nìyẹn nígbà tí mò ń kọ ìwé àṣejáde mi, oṣù mẹ́jọ ló sì gbà mí kí n tó rọ́nà padà.

Èmi fúnra mi ní kòkòrò náà lára. Ọjọ́ tí mo fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n rí i: ìlà pupa méjì lórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ mi sí. Wọ́n yẹ màmá mi wò, òun náà ní i. Wọ́n yẹ ìyàwó mi wò, àyẹ̀wò ní ó ti kó o rí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti lé e lọ, kò tiẹ̀ mọ̀. Nínú ìdọ́gba tí mo kọ nígbà yẹn, èèyàn kan náà ni èmi àtìyàwó mi.

Ọjọ́ orí ló pààlà sáàárín wa. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí ìyá kó o ràn nígbà ìbímọ, á di bárakú sára nǹkan bíi mẹ́sàn-án. Nínú 100 àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, ti ẹni márùn-ún ló máa ń dà bẹ́ẹ̀ tàbí kó má tó márùn-ún. Ní 1993, olùṣèwádìí kan, Edmunds, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdọ́gba kan jáde fún ìdá àwọn tó máa di bárakú sí lára: exp(−0.645a^0.455), a ni ọjọ́ orí tí èèyàn fi kó o, exp sì wà lórí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ. Fi 1 sí i, wàá rí nǹkan bíi 52 nínú 100. Fi 5 sí i, ó di 26. Fi 25 sí i, ó di 6. Má fi 0 sí i o, ọmọ tuntun ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀. Yà á sórí bébà, kó o rí bí ìlà náà ṣe ń já ṣòòròṣò láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́.

Tó bá ti di bárakú, ìyẹn tó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà lára, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Nínú 100 irú wa, nǹkan bí ẹnì kan ni HBsAg, èròjà ara kòkòrò náà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ń mọ̀ pé ó wà lára, ń pòórá lára rẹ̀ lọ́dún. HBeAg, èròjà kòkòrò náà mìíràn tó ń fi hàn pé ó ń pọ̀ sí i gan-an, máa ń tètè lọ jùyẹn lọ, àmọ́ pé ó lọ kò ní kí kòkòrò ti tán. Má dà wọ́n pọ̀.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa màmá mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo jókòó ti àwòrán ìlà tí mo ti yà, mo fìka tọ ọ́ dé ibi tó ti já wálẹ̀, láti àádọ́ta ọdún sókè, níbi tí mo kọ “ara wọn ti yá” sí. Màmá mi wà níbẹ̀. Àwọn tó kú ni mo kà mọ́ àwọn tó sàn. Omijé bọ́ lójú mi, mo sì fa igi gba gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, pín àwọn èèyàn rẹ sí ìsọ̀rí ọjọ́ orí. Kí iye tó ń di bárakú tẹ̀lé ọjọ́ orí tí wọ́n fi kó o, kí pípòórá HBsAg ní iye tirẹ̀, kí ikú tí ẹ̀dọ̀ ń fà dá dúró. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà ni àkójọ rẹ ti wá, rántí pé 2004 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ ètò àjẹsára ọmọdé níbí. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà tí kò ní i, ọ̀pọ̀ wọn kò kó o rí ni.

Nígbà tí mo tún tèmi ṣe, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ọmọ kó tó pé wákàtí 24 láyé ló yí ìlà náà padà jù. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tó o bá fẹ́ ẹ, sọ, màá fi ránṣẹ́.