Máàpù Tàbí Ọ̀pá: Èwo Ló Yẹ Èsì Ìdìbò Nínú Ìwé Ìròyìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Oníròyìn ni mí. Olóòtú wa fẹ́ kí n fi àwòrán ṣàlàyé èsì ìdìbò Ààrẹ ọdún 2023, ó sì ní kí n fi àwọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kun máàpù Nàìjíríà. Ṣé ìyẹn tó?

Ìdáhùn: Kò tó, ó sì lè ṣi òǹkàwé lọ́nà. Bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ni máàpù ń fi han ojú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ènìyàn ló ń dìbò. Ẹ wo ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí Tinubu ti borí: kò sí ìpínlẹ̀ tó fẹ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 3. Èkó, níbi tí Obi ti borí, ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù, ṣùgbọ́n àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 7. Tinubu àti Atiku mú ìpínlẹ̀ 12 ẹnìkọ̀ọ̀kan, Obi mú 11 pẹ̀lú Àbújá. Ẹni tó bá wo àwọ̀ nìkan yóò rò pé ọgbọọgba ni wọ́n, nígbà tí ìbò tí INEC kéde jẹ́ 8,794,726 fún Tinubu, 6,984,520 fún Atiku, àti 6,101,533 fún Obi.

Ọ̀pá, ìyẹn àwòrán tí gíga ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ti ń fi iye hàn, ló yẹ iye ìbò, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti mílíọ̀nù 6 kí ó má baà gba àyè púpọ̀ lójú ewé, ọ̀pá Tinubu yóò ga tó ìlọ́po 27 ti Obi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní òtítọ́, bí Tinubu bá ní ìbò 3, Obi ní 2 ó lé. Gbogbo nọ́ńbà inú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè pé pérépéré, síbẹ̀ irọ́ ni yóò gbé dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé, èyí sì burú lójú mi ju àṣìkọ lọ, nítorí pé a lè tún àṣìkọ ṣe lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má tìtorí èyí pa máàpù tì. Òfin ní kí ẹni tí yóò wọlé ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Ibi tí olùdíje kọ̀ọ̀kan ti dé ìwọ̀n yìí ni máàpù lè fi hàn dáadáa. Ẹ ya máàpù kékeré mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan fún olùdíje kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó parí, ẹ bi àwọn atẹ̀wé bóyá ojú ewé náà yóò ní àwọ̀. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé lè jọra bí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n ní dúdú àti funfun, nítorí náà ẹ kọ orúkọ sára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé INEC ló kéde èsì náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ọdún 2023.