Èsì: Ṣé kí n pa The Glass Castle tì?

Ẹ kú ìwé kíkà. Ẹ má tíì pa ìwé The Glass Castle tì.

Ẹ ní inú ń bí yín pé Jeannette Walls, tó kọ ìtàn ìgbà èwe ara rẹ̀ sínú ìwé náà, kò bú bàbá rẹ̀ lórí bó ṣe tọ́ wọn. Ojú ọmọdé ló fi ń ròyìn. Ọmọ ọdún 3 ni, ó dúró lórí àga, ó ń dá se sọ́séèjì, iná ràn mọ́ aṣọ rẹ̀. Lójú tirẹ̀ nígbà yẹn, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdílé wọn kó dé Welch, ìlú bàbá rẹ̀ ní West Virginia ní Amẹ́ríkà, ná, ojú ọmọ náà á là.

Àmọ́ tó bá jẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ti dàgbà, ẹ má kà á lóru. Díẹ̀díẹ̀ ni.

Ìyá Jeannette gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ebi ń pa àwọn ọmọ, ó ń dá jẹ ṣokoléètì lábẹ́ aṣọ ìbora!