Fíìmù Yorùbá àtijọ́: ibi tí mo máa ní kí o ti bẹ̀rẹ̀

Àbúrò, o ní oorun gbé ọ lọ nídìí fíìmù Ayé tí Ògúńdé ṣe, o wá ń béèrè bóyá ṣe là ń fi àgbà ṣe fújà tí a bá ń yin fíìmù àtijọ́. Kí n tó dáhùn, irú ẹ̀dà wo lo wò ná?

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé fíìmù o. Òǹwòran lásán ni mí, tó bá ti sú mi, mo máa ń pa á ni. Àmọ́ owó ti bá ọ̀rọ̀ yìí lọ lọ́wọ́ mi. Mo ti ra apá kejì fíìmù lẹ́bàá títì, mo délé, apá kìíní ni wọ́n dà sínú rẹ̀. Mo ti wo èyí tí òṣèré ti panu dé kí ohùn rẹ̀ tó jáde. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń rí lórí YouTube, inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti dà á, inú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn ni wọ́n sì ti da ìyẹn náà. Ìpàdé àwọn àjẹ́ ló gbé Ayé ró. Nínú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, o ò ní dá àjẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí igi. Ta ni ò ní sùn?

Ọ̀run Móoru náà jìyà ẹ̀. Ọdún 1982 ni Bàbá Sàlá gbé e jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Àwọn olè jí i dà sí fídíò, ó gba ìgboro kan kí owó tí bàbá náà ná tó padà wọlé, gbèsè sì dé. Bí o bá rí ẹ̀dà tó dára díẹ̀, ní sùúrù títí bàbá náà yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn òkú, tí wọ́n ní àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín jù. Ohun tó ṣáájú ibẹ̀, lójú tèmi, ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Tó bá jẹ́ èmi ni, Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ (1993) ni màá ní kí o kọ́kọ́ wò. Fídíò ni Túndé Kèlání ti ṣe é látilẹ̀, nítorí náà àwòrán rẹ̀ kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀dà. Wọ́n ta ilẹ̀ òrìṣà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó tà á. Ẹ wo Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé yín! Ẹ̀rù tó ń ba ọkùnrin yẹn, gbogbo ara ló fi ń ṣe é. Apá kìíní tó mi. Àwọn apá tó tẹ̀lé e, bí àyè bá wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, Kòṣeégbé (1995), tí Kèlání náà ṣe. Mo mọ̀ pé Ṣaworoidẹ, fíìmù rẹ̀ mìíràn, lẹnu gbogbo ayé ń pè. Ó dára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ ti Mákò, ọmọ kọ́sítọ́ọ̀mù tí kò fẹ́ gba rìbá láàárín àwọn tó ń gbà á, òun ló máa ń jẹ mí lọ́kàn, torí mo ti bá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yìn èyí ni kí o tó padà sí Àjàní Ògún (1976) àti Ìjà Òmìnira. Ìjà Òmìnira yìí ni wọ́n yọ látinú ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Wàá rí i pé àwọn òṣèré ń pariwo ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Má bínú sí wọn. Orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, níbi tí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́. Orin inú Àjàní Ògún, má fò ó. Tí o bá ti ń fò ó, fíìmù mìíràn lò ń wò yẹn.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dárúkọ ni A Deusa Negra, tí Ọlá Balógun ṣe ní Brazil ní 1978. Babátúndé kúrò ní Nàìjíríà láti lọ wá ẹbí tí òwò ẹrú kó lọ. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ó sì ń falẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ibi ìbọ òrìṣà, mo dáwọ́ fóònù tí mò ń tẹ̀ dúró. Wá èyí tí wọ́n kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí nísàlẹ̀ kí o tó jókòó tì í.