Kí ló dé tí kúkíìsì ọdún mi fi ń yọ́ kálẹ̀ lórí tíréè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún ti ń kanlẹ̀kùn, mo sì fẹ́ yan kúkíìsì nílé fún àwọn ọmọ àti àlejò. Lọ́dún tó kọjá, mo gé e ní ìràwọ̀ àti igi, ó dára lójú nígbà tí mo ń gbé e wọ ófùn. Ìgbà tó fi máa jáde, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra wọn, etí jó, àárín rọ̀. Àwọn díẹ̀ tó dúró, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti le bí òkúta. Bí ìwé ṣe ní kí n ṣe é ni mo ṣe é o. Níbo ni mo ti ṣìṣe? Ṣé mo sì lè ti ṣe é sílẹ̀ kí ọjọ́ ọdún tó kò mí lójú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Mo gbà pé ẹ tẹ̀ lé ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé á ní kí ẹ lo “bọ́tà tó ti rọ̀”, kò ní sọ bí rírọ̀ ọ̀hún ṣe gbọ́dọ̀ mọ. Ibẹ̀ ni mo fura sí, kí n tó fura sí ófùn yín tàbí ọwọ́ yín.

Bọ́tà tí a fẹ́ fi po kúkíìsì, nǹkan bí ìwọ̀n 18 sí 20 Celsius ló yẹ kó wà. Tó bá fi máa tó 32 sí 35, ó ti ń di òróró nìyẹn. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: ojú ìka yín gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀, àmọ́ kí ìka má rì wọlé. Tó bá ti ń dán, tí ọwọ́ yín ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó ti kọjá ààlà, ẹ dá a padà sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá ń po bọ́tà àti ṣúgà pọ̀, hóró ṣúgà ló ń gbẹ́ ihò wínníwínní sínú bọ́tà, afẹ́fẹ́ á sì wọbẹ̀. Bọ́tà tó ti yọ́ kò lè di afẹ́fẹ́ kankan mú. Tí ìyẹ̀fun pípò yẹn bá wá pàdé ooru, bọ́tà á ti ṣàn jáde kí fúláwà àti ẹyin tó ráyè dì. Bí ìràwọ̀ yín ṣe di adágún nìyẹn. Ẹ yọ ẹyin náà kúrò nínú fíríìjì ṣáájú o, torí ẹyin tútù nini máa ń mú kí bọ́tà dì ní wóróworo. Èyí tí ẹ bá sì fẹ́ gé ní àwòrán, ẹ má pò ó títí táá fi máa hó. Ìṣẹ́jú méjì ti tó. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ á mú kó wú, tó bá sì ti wú, ẹsẹ̀ ìràwọ̀ á sọnù.

Ẹ jẹ́ kí ìyẹ̀fun pípò náà tutù. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fo ìgbésẹ̀ nìyẹn, torí gbogbo ohun èlò ti wà nílẹ̀, àwọn ọmọ sì ti dúró síbi tábìlì. Ọgbọ́n kan wà tí kò ní jẹ́ kó pẹ́: ẹ má ká gbogbo rẹ̀ sí bọ́ọ̀lù ńlá kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì, torí á le níta, inú rẹ̀ ò sì ní tíì tutù. Ìgbà tó ṣì rọ̀ ni kí ẹ fi í sáàárín pépà ìyan-nǹkan méjì, kí ẹ fi igi yí i kó fẹ̀, kí ó nípọn tó mìlímítà 5 tàbí 6, kí ẹ sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú fíríìjì fún wákàtí kan. Tí ẹ bá mú un jáde, ó yẹ kó dúró gírígírí lọ́wọ́ yín bíi páálí. Ẹ gé e, ẹ tò ó sórí tíréè, kí ẹ sì tún dá tíréè náà padà sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 15 kó tó wọ ófùn. Etí á mú ṣáṣá bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Pépà yìí tún ní àǹfààní mìíràn: ẹ ò ní nílò láti máa wọ́n fúláwà sórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ fúláwà tí à ń wọ́n yẹn wà lára ohun tó ń sọ kúkíìsì di òkúta.

Mo ti dé orí fúláwà nìyẹn. Ife kan, tí a bá fi ṣíbí bù ú sínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́, tí a fi ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ dọ́gba, máa ń tó gíráàmù 120 sí 125. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ife náà bọ inú àpò fúláwà, tí ẹ fi bù ú ní àbùkì, ó lè tó 150. Nínú ife mẹ́rin, ẹ ti fi gíráàmù 100 kún un láìmọ̀. Síkéèlì kékeré orí tábìlì ni mo máa ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ yan nǹkan kọ́kọ́ rà, kó tó ra irinṣẹ́ ẹlẹ́wà kankan. Tí fúláwà bá ti dé inú rẹ̀, ẹ má pò ó jù. Ibi tí funfun rẹ̀ bá ti pòórá ni kí ẹ ti dúró. Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn gígé, ẹ tún un yí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kàn yan ìyókù bó ṣe rí, ẹ̀yin tẹ ń se oúnjẹ ló ni ín.

Bekin sódà kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwòrán. Ó ń jẹ́ kí kúkíìsì tàn kálẹ̀, ó sì ń mú un pupa. Tó bá pọ̀, ẹnu á máa ta bí ẹni lá ọṣẹ. Fún ìràwọ̀ àti igi, mo fẹ́ràn èyí tí kò ní ohun tó ń wú nǹkan rárá: ṣúgà gíráàmù 100, bọ́tà 200, fúláwà 300, àti iyọ̀ bíńtín. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, kò ṣe é gbàgbé. Ooru rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀, ìwọ̀n 160 sí 170 ti tó, ó sì máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. Àwọn tó ní ẹyin nínú, 175 sí 180 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́.

Ófùn máa ń parọ́. Ó lè kọ 180 síwájú kí inú rẹ̀ máa jẹ́ 200. Tẹmómítà kékeré tí wọ́n ń gbé sínú rẹ̀ ló ń tú u fó. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí iná ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ tò búrẹ́dì tí wọ́n gé pẹlẹbẹ bo tíréè, kí ẹ yan án fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ wá wo èyí tó kọ́kọ́ pọ́n. Apá ibẹ̀ ni ẹ óò máa yí tíréè kúrò ní ìdajì àkókò. Ẹ jẹ́ kí ófùn gbóná dáadáa kí ohunkóhun tó wọlé, kí ẹ sì kọ́kọ́ yan ẹyọ kan ṣoṣo wò. Ẹyọ kan tó bàjẹ́ sàn ju tíréè méjì lọ.

Ohun kan kọ́ mi lọ́gbọ́n nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Tíréè àkọ́kọ́ jáde, ó dára bí àwòrán. Mo ń yára, mo to èyí tó tẹ̀ lé e sórí tíréè gbígbóná yẹn, mo yíjú láti nu ọwọ́. Kí n tó yíjú padà, ìsàlẹ̀ wọn ti ń yọ́, ẹ gbọ́ o, wọn ò tíì wọ ófùn! Láti ọjọ́ náà, tíréè méjì ni mò ń lò, ọ̀kan ń tutù, èkejì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sì fi òróró pa tíréè, ńṣe ni kúkíìsì á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Pépà ni kí ẹ tẹ́.

Ní ti àwọn tó le ní ọjọ́ kejì, ẹ pẹ́ kí ẹ tó yọ wọ́n. Tí etí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí àárín kò dán mọ́ àmọ́ tó ṣì dà bíi pé kò tíì jiná, ẹ gbé e jáde. Ojú yín á sọ pé ó kù díẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ooru tíréè á parí iṣẹ́ náà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kó wọn kúrò.

Ẹ lè ṣe é sílẹ̀, ó tiẹ̀ dára bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun pípò máa ń dára nínú fírísà fún oṣù mẹ́ta tí ẹ bá wé e dáadáa kí afẹ́fẹ́ má ráyè. Èyí tí ẹ kò ní gé ní àwòrán, ẹ ká a ní róbótó kọ̀ọ̀kan kí ó tó dì. Lọ́jọ́ ọdún, láti inú yìnyín sínú ófùn tààrà ni, ẹ kàn fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un. Tó bá ti jiná, inú agolo tó dé pinpin ni kí ẹ kó o sí, àmọ́ kí èyí tó ń rún wómúwómú má bá èyí tó rọ̀ gbé, torí omi ara ti èkejì á bọ́ sára ti àkọ́kọ́. Èyí tó ní atalẹ̀ náà, ẹ fún un ní agolo tirẹ̀, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa run atalẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fi aísín ṣúgà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ dúró kí kúkíìsì tutù pátápátá, kí ẹ fi omi sí ṣúgà náà ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ìlà tí ẹ bá fà lórí rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kó tó pòórá. Ẹ jẹ́ kí ó sun ojú kan mọ́jú kí ẹ tó to ọ̀kan lórí èkejì. Tí ẹ bá fẹ́ fi funfun ẹyin pò ó, ẹ lo èyí tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ tàbí ti oníyẹ̀fun, pàápàá tí ọmọdé, aláboyún tàbí àgbàlagbà bá máa jẹ nínú rẹ̀. Ẹ sì gba ṣíbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń lá ìyẹ̀fun pípò o. Kì í ṣe ẹyin tútù nìkan ló ń fa inú rírun, fúláwà tí kò tíì rí iná náà lè ní kòkòrò nínú.